Orúkọ Tí Kò Sí Lára Ìwé Ìdìbò

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Inú Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni mo ti máa ń kà á fún wọn: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, àti àtúnṣe àwọn ọ̀nà kéékèèké. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdìbò káńsù ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2017, èmi olùkọ́ yìí tẹ̀ka sí àmì ẹgbẹ́ kan láì mọ orúkọ ẹni tí ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀ fún ipò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. N kò tilẹ̀ bi ẹnikẹ́ni.

Ìwé ìdìbò kò lè sọ fún mi. Orúkọ ẹgbẹ́ àti àmì rẹ̀ nìkan ló máa ń wà lára rẹ̀; orúkọ olùdíje kì í sí níbẹ̀. Ní tiwa pàápàá, Ìpetu, Rórè àti Àrán-Ọ̀rin ló para pọ̀ di wọ́ọ̀dù kan nínú mọ́kànlá tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Káńsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo fún ìlú mẹ́ta. Ènìyàn lè máa gbé Àrán-Ọ̀rin láti kékeré kó má sì dá ojú ẹni tó ń ṣojú rẹ̀ mọ̀ lójú pópó. Ẹni tí kò bá ti wádìí kó tó kúrò nílé, kò sí ohun tí yóò kọ́ ọ ní ibùdó ìdìbò.

Àfárá kékeré kan tó wà lọ́nà oko ló là mí lóyè. Òjò gbé e lọ, a sì péjọ láti mọ ohun tí a ó ṣe. Àwọn kan ní kí a kọ̀wé sí gómìnà ní Ìlọrin, wọ́n sì ní èmi ni n óò kọ ọ́ torí mo mọ̀wé. Mo ti mú bírò jáde nígbà tí ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ dá mi dúró.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ ọ́. Ṣé iṣẹ́ káńsù kọ́ ni? Ẹ kọ ọ́ sí káńsẹ́lọ̀ ná, kí ó gbé e dé ọ́fíìsì káńsù ní Òmù-Àrán.”

Mo bi í pé, “Ìyá, ta ni káńsẹ́lọ̀ wa?”

Ó wò mí títí. Ó dárúkọ ọkùnrin náà, ó dárúkọ agboolé rẹ̀, ó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó wọ òṣèlú. Ó ní àwọn ìyá ọjà ti pè é kí wọ́n tó dìbò, wọ́n sì ti bi í nípa owó tí káńsù ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ ọjà. Ìyá tí kò kàwé yìí mọ ẹni tó dìbò fún, ó sì mọ ìdí rẹ̀.

Látìgbà náà ni èrò mi ti yí padà nípa àwọn tí a ń pè ní aláìmọ̀kan nínú ìdìbò. A máa ń di ẹ̀bi ru àwọn tí kò kàwé, àwọn tó ń gba owó. Lóòótọ́, “dìbò kóo sebẹ̀” tí gbogbo ayé gbọ́ nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ní 2018 kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ní ti ìdìbò káńsù, àwa tí a ń ka ìwé ìròyìn, tí a ń gbọ́ rédíò, ni ìmọ̀ wa máa ń kéré jù. Ìròyìn Àbújá àti ti Ìlọrin ló kún etí wa. Ta ni yóò ka ìtàn olùdíje káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa lórí rédíò? Ẹnu ará ilé, ìdí igbá ọjà, ìpàdé ẹgbẹ́ àti ìdí ọkọ̀ ni ìmọ̀ yẹn wà, àwa kì í sì í débẹ̀ lọ bèèrè.

Ẹ wo bí a ti ṣe lọ́dún 2018. Nígbà tí Funke Adedoyin, tó ń ṣojú àwọn Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, ṣaláìsí, wọ́n ṣe àtúndì ìbò ní ọjọ́ 17 Oṣù Kọkànlá. Kò sí ibi tí a kò ti jiyàn. A mọ orúkọ Raheem Olawuyi tó wọlé, a mọ ti Saheed Alatise tó bá a du ipò náà, a mọ ibi tí àwọn méjèèjì ti wá. Orí ìdìbò yẹn ni ariwo ìpolongo ìbò “Ó tó gẹ́” gbà wọ ìdìbò 2019. A lè wádìí bí a bá fẹ́. Ipò tó jìnnà sí wa la wádìí lé lórí. Ti ẹ̀yìnkùlé la fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá àwọn ìgbìmọ̀ káńsù dúró ní Oṣù Kẹfà 2019. Kò tún sí ìdìbò káńsù ní Kwara títí di ọjọ́ 21 Oṣù Kẹsàn-án 2024. Ọmọ tó pé 18 ní 2018 ti di ẹni 24 kó tó rí ìdìbò káńsẹ́lọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí àṣà ni ìdìbò, ibi tí wọn kò bá ti dá a, kò sẹ́ni tí yóò kọ́ ọ.

Ní 2024, mo bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kó tó di ọjọ́ ìdìbò. Kò rọrùn. Àwọn kan ní ìwádìí mi ti pọ̀ jù. Àwọn mìíràn ní, “Ọmọ wa ni, kí lẹ tún ń wá?” Mo fèsì pé ọmọ wa tó ń gbé ìlú mìíràn, tí kì í wálé àfi nígbà ọdún, kò ní mọ ìgbà tí òjò gbé àfárá lọ. KWASIEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò káńsù ní Kwara, padà kéde pé ẹgbẹ́ APC ló gba gbogbo ipò alága 16 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, ẹgbẹ́ PDP sì ní òun kò gbà. Ìjà yẹn lágbára, mo sì mọ̀ pé ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé kí ni wọ́n fẹ́ wádìí fún. Èmi kò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn olùdíje tí mo lọ bá fi sùúrù dá mi lóhùn. Ó ní owó ni ìṣòro, pé láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje ọdún náà pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù, ojú gbogbo ènìyàn ti wà níbẹ̀. Mo béèrè bóyá yóò máa ka iye tó bá wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe fún ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kí ó fún mi lésì kí n tó lọ. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun yóò kà á. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀, mo sì ka ohun tí mo kọ fún àwọn ìyá ọjà.