Pẹpẹ Ìwé Tó Ṣófo ní Berlin

Mo dé gbàgede Bebelplatz ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì. Dígí kan wà ní ilẹ̀ níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo inú rẹ̀: pẹpẹ ìwé funfun ni, kò sí ìwé kan ṣoṣo lórí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti dáná sun nǹkan bí 20,000 ìwé ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, 1933. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n o, kì í ṣe púrúǹtù!

Ṣùgbọ́n òmìnira ti kú kí iná náà tó ràn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, aṣòfin 444 dìbò pé kí ìjọba Hitler máa dá òfin ṣe. Àwọn 94 péré ló kọ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Àwọn aṣòfin ló la ògiri fún fáṣíìsì, ìjọba afipámúni. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣọ́ ògiri tiwa.