Iná Ọlọ́gbọ́n Tí Mo Lọ Wá ní Àlàbá

Ní òru ọjọ́ tí ìyá mi fi ẹsẹ̀ kọ àpótí nínú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Abẹ́òkúta, tí ó sì ṣubú, ni mo pinnu pé iná ilé náà gbọ́dọ̀ yí padà. Egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Marina dé Mile 2, mo sì tún wọ dáńfó gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ sí ọjà Àlàbá. Ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ orin àti igbe àwọn aláàárù ló kí mi káàbọ̀. Ní ìlà àwọn tó ń ta iná, gílóòbù ń tàn ní ọ̀sán gangan bí ẹni pé oòrùn kò tó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi fóònù rẹ̀ sọ gílóòbù funfun di pupa lójú mi. “Àǹtí, Wi-Fi nìkan ló ń lò.”

Mo ní, “Bí Mọ́mì bá fi ọwọ́ pa á lára ògiri ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Fóònù ò lè tàn án mọ́ nìyẹn.”

Ó fi irú kejì hàn mí, tí ń lo Zigbee. Ìyẹn kì í gbára lé Wi-Fi ilé, ṣùgbọ́n ó nílò ẹ̀rọ alárinà tí yóò so gbogbo gílóòbù pọ̀. Irú kẹta ni súìsì ọlọ́gbọ́n: ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́, fóònù náà lè pàṣẹ fún un. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ wáyà neutral lẹ́yìn súìsì, èyí tí ilé àtijọ́ bíi tiwa kì í sábà ní.

Nígbà náà ni mo sọ ohun tó gbé mi wá gan-an fún un. Ó dákẹ́, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó sì mú iná kékeré alábátìrì jáde, tí ń tàn fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá kọjá. Kò béèrè fóònù, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ra mẹ́ta.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ẹ tó bi ọlọ́jà ní iye tó ń tà á, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ẹni tí yóò lò ó.

Ní òru àkọ́kọ́, iná ìjọba ti lọ nígbà tí ìyá mi dìde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Mo gbọ́ tí ó dúró díẹ̀, tí ó sì sọ pé, “Ẹ ṣeun o,” bí ẹni pé ènìyàn ló gbé àtùpà dúró dè é.