Ayò Lẹ́yìn Kóòdù

Nígbà tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù ní Ìlọrin, aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ń lù ní Kalifọ́níà, bí ìgbà ọdún bá ti rí lọ́hùn-ún. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ òkèèrè ń pe òṣìṣẹ́ wọn jọ sí ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àsìkò yìí kan náà sì ni oòrùn ń rọ̀ ní àdúgbò Ṣàngó ní Ìlọrin, tí ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́ ń kún fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Kwara Poly bọ̀, tí àwọn àgbà tó ti kírun alásàárì ń wá ibi ìjókòó lábẹ́ igi, tí àwọn ọmọ ń fi òkúta méjì méjì sàmì ojú ilé bọ́ọ̀lù. Ọ̀dọ́ tó ń kọ sọ́fítíwíà fún ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà láti inú yàrá rẹ̀ ní Ṣàngó, ìgbà tí àdúgbò ń ṣíwọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọra. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn èèyàn láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà, ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń najú kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Iṣẹ́ ìjókòó ni iṣẹ́ kóòdù, iṣẹ́ ìdákẹ́ ni, kì í sì í sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé ó tó. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹni tó ní ínfátà yóò máa bá a lọ. Ẹni tí kò ní, yóò dúró de òru kí iná tó dé, yóò sì fi oorun rẹ̀ san gbèsè. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde lórí iṣẹ́ àṣejù. Wọ́n rí i pé ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu ikú àìsàn ọkàn náà fi ìdá 17 lé sí i. Iye èèyàn tí wọ́n ṣírò pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pa káàkiri ayé lọ́dún 2016 nìkan jẹ́ 745,000. Ẹni tó ń kọ kóòdù nílé lè kọjá wákàtí 55 lọ́sẹ̀ láìmọ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń lu agogo ìṣíwọ́ fún un.

Àwọn tó mọ ìtàn iṣẹ́ yìí lè sọ pé àṣenajú àti kóòdù kò tíì pínyà rí. Òótọ́ ni. Python, èdè kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ Ìlọrin fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lónìí, ìsinmi Kérésìmesì ọdún 1989 ni Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní ìlú Helsinki, kéde pé òun ń kọ ètò kan, àti pé eré ọwọ́ lásán ni. Ètò náà ló di Linux, òun ló sì wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo fóònù Android tí wọ́n ń tà ní Ìlọrin. Ṣáájú àwọn méjèèjì, lọ́dún 1969, Ken Thompson ní ilé ìwádìí Bell Labs ń wá kọ̀ǹpútà tí yóò ti máa ta géèmù ìrìn-àjò ojú sánmà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó rí ẹ̀rọ kékeré kan tí àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́, ó gbé géèmù náà lọ síbẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe lórí ẹ̀rọ yẹn ló sì bí ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Unix.

Ìtàn wọ̀nyí dùn, ṣùgbọ́n ewu wà nínú bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìgbafẹ́ tí kò bá bí nǹkan ńlá, òfò ni. Torvalds fúnra rẹ̀ fẹ́ràn kí ó máa rì wọ inú òkun láti wo ẹja. Kò pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ Subsurface lọ́dún 2011, sọ́fítíwíà tí àwọn tó ń rì bẹ́ẹ̀ fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ìrìn wọn. Ó sá fún kóòdù lọ sí ìsàlẹ̀ omi, kóòdù bá a débẹ̀.

Ti Donald Knuth ló yẹ kí wọ́n máa sọ jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà yìí, tí ìwé rẹ̀ kọ́ ìran mélòó kan bí wọ́n ṣe ń ronú nípa ètò kọ̀ǹpútà, ní dùùrù olópòó, irú ti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, nínú ilé rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1990 ni kò ti lo ímeèlì mọ́, kí ó lè ráyè fún ohun tó gba àròjinlẹ̀. Ó kọ orin gígùn kan fún dùùrù, wọ́n sì kọ́kọ́ lù ú fáyé gbọ́ ní ìlú Piteå, lórílẹ̀-èdè Sweden, ní oṣù kìíní ọdún 2018, lọ́jọ́ tó pé ẹni 80 ọdún. Orin náà kò sọ kọ̀ǹpútà kankan di ẹ̀rọ tó yára. Orin ni, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ní Ṣàngó, dùùrù bẹ́ẹ̀ kò sí. Ọpọ́n ayò wà.

Ihò méjìlá, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kàn yóò kó gbogbo ọmọ inú ihò kan, yóò máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yíká ọpọ́n. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ọ̀tayò rẹ̀, tí ibẹ̀ sì di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Òfin rẹ̀ kò ju èyí lọ púpọ̀, ọmọdé lè mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó kúrò ní òpè kí ó di ọ̀ta, ọdún a máa gorí ọdún. Ọ̀ta kì í ka ọmọ ayò ní gbangba. Ojú ló fi ń kà á. Ó mọ ilé odù tí ọ̀tayò rẹ̀ ń kó jọ, ó mọ ibi tí yóò parí sí bí ó bá tú u, ó sì ti ń ṣètò ibi tí òun yóò ti gbà á lọ́nà.

Ẹni tó bá ti kọ kóòdù rí yóò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ìgbésẹ̀ tí ń bí ìgbésẹ̀, àṣìṣe kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ní fara hàn títí di ìparí. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kò fojú pa á rẹ́. Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal ní yunifásítì Vrije ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà tú gbogbo àṣírí awari, ìbátan ayò tí òfin rẹ̀ súnmọ́ tiwa gan-an. Ọ̀nà tí ọmọ ayò lè gbà wà lórí ọpọ́n, tí ẹ̀rọ wọn yẹ̀ wò, jẹ́ 889,063,398,406. Wọ́n so prósẹ́sọ̀ 144 pọ̀, ó sì gbà wọ́n ní wákàtí 51. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjèèjì tó ń ta á kò bá ṣi ọmọ kan ṣoṣo ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀mì ni yóò jẹ́: 24 sí 24.

Kò sí ọ̀ta kankan ní Ìlọrin tí ìròyìn yìí ba ayò rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ lè mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n kò lè jókòó sábẹ́ igi kí àwọn tó ń wòran máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Níbi ayò, òǹwòran kì í dákẹ́. Ọ̀kan á ní kí o má ta ìyẹn, èkejì á ní kí ó jẹ́ kí o tà á kí ojú lè tì ọ́. Ọ̀ta yóò máa fọ́nnu, yóò máa kọrin sí òpè létí, òpè yóò sì máa wá èsì tó bá a mu. Ọ̀dọ́ tó ti fi gbogbo òru bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ á tún bọ́ sáàárín ohùn èèyàn. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì yóò na ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń ti òkèèrè wọlé ní ìgbà mẹ́ta léraléra, ọmọ náà yóò sì dọ̀bálẹ̀ kí i kí ó tó lọ. Ohun tí iṣẹ́ kóòdù ń gbà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ nìyí, ìbákẹ́gbẹ́ pẹ̀lú ẹni tí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, ayò sì ń dá a padà láìgba kọ́bọ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn wà. Bọ́ọ̀lù ló gba ọkàn ọ̀pọ̀ wọn, pàápàá láti ìgbà tí Kwara United ti gba ife Federation Cup fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún 2025. Òkè Sóbì wà ní tòsí fún ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun nǹkan kí ó lè wo gbogbo Ìlọrin láti òkè. Orin dadakúàdá ń bẹ fún etí, ẹni tó bá sì gbọ́ àwo Odòlayé Àrẹ̀mú, tó kú lọ́dún 1997, yóò rí i pé ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ lò kò nílò ohun èlò rẹpẹtẹ. Aṣọ òfì tí wọ́n ń hun ní Ìlọrin náà, ẹni tó ń kọ kóòdù lè jókòó tì í títí, kí ó máa wo bí àwọ̀ òwú ṣe ń di ọnà lábẹ́ ọwọ́ ahunṣọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó wà nínú iṣẹ́ yìí yàtọ̀. Bí ìpàdé bá parí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni oúnjẹ alẹ́ ń dúró dè, àwọn ọmọ ń dúró dè, fífọ̀ àti gbígbálẹ̀ ń dúró dè. Àwọn èèyàn á wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń najú! Abẹ́ igi tí wọ́n ti ń ta ayò, ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo obìnrin ni ara rẹ̀ balẹ̀ láti fa àpótí jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni Ìlọrin kò ṣàìní ibi tí ọwọ́ obìnrin ti ń dárà. Ní Dàda, ní Òkèlélé, àwọn obìnrin ló ń mọ ìkòkò, láti ìyá dé ọmọ. Amọ̀ kì í ṣe kóòdù: bí o bá tẹ̀ ẹ́ jù, ó hàn lójú ẹsẹ̀, bí o bá sì mọ ọ́n tán, o lè gbé e dání. Ọmọbìnrin tó ń fi oṣù mẹ́fà kọ ohun tí kò ṣeé fọwọ́ kàn yóò jàǹfààní bí ó bá lè máa lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí àwọn ìyá kọ́ ọ, kí ó sanwó ẹ̀kọ́ fún wọn bí ó ṣe ń sanwó dátà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú ilé gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láìsí ìyẹn, ìmọ̀ràn lásán ni.

Ìjọba Kwara àti ilé-iṣẹ́ IHS Nigeria ti jọ dá Ilorin Innovation Hub sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ lè ní iná, íntánẹ́ẹ̀tì àti ibi iṣẹ́ tó dára. Ohun ìdùnnú ni. Ó kù kí wọ́n gbé ọpọ́n ayò mélòó kan sí irú ibẹ̀, kí wọ́n sì pe àwọn ọ̀ta láti Ṣàngó àti Kúléǹdé wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n fún wọn ní owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán. Kí wọ́n má ṣe pè é ní ìdíje, kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀bùn owó sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ fi ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ṣe áàpù. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gba ọmọ Ìlọrin síṣẹ́ láti òkèèrè náà lè fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún wọn láìpe ìpàdé. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni yóò rọrùn jù, nítorí ìlú ti wà lórí ìsinmi tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.