Lẹ́tà Kan Ṣoṣo Tí Ó Dá Wa Dúró fún Ọjọ́ Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí kì í ṣe wáàsí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. A ó sì sọ ibi tí a ti ṣàṣìṣe níbẹ̀ láìfi bò, nítorí pé ẹni tí a ṣẹ̀ máa ń ka ìwé ẹgbẹ́ wa yìí.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú àti èdè Lárúbáwá ní ìlú Ìwó. A lọ sí ilé-ìwé gírámà, a sì ka ìmọ̀ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, nítorí náà a kì í ṣe ẹni tí ń sá fún ìwé àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n àgbà ni kọ̀ǹpútà bá wa.

Ohun tí ó tì wá dé ìdí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ kan tí ó lọ ṣe ìdánwò JAMB láti ilé-kéwú wa. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti fi ìwé àti pẹ́ńsù sílẹ̀ pátápátá, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ ti ń ṣe é. Ọmọ yìí ti há ìdajì Àlùkùránì sórí. Ó mọ ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì dán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan máòsì láyé rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń yan ìdáhùn, àwọn ẹgbẹ́ òun ti lọ jìnnà. Nígbà tí ó ń ròyìn rẹ̀ fún wa, kò sunkún. Àwa ni ojú tì.

Àwọn òbí àti àwọn ọmọ ìlú tí ń bẹ l'Ékòó dá owó, a ra ògbólógbòó kọ̀ǹpútà 12. Kò pé oṣù mẹ́ta tí mẹ́rin fi dákẹ́ nínú wọn. Ọmọ kan á pa ohun tí kò yẹ kí ó pa rẹ́, òmíràn á ki fíláàṣì tí ó ní fáírọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, àwa á sì máa wá ẹni tí yóò bá wa tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni a wà tí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa àtijọ́, tí ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, fi wá kí wa nígbà ìsinmi. Ó wò wọ́n títí, ó ní, "Ùsítáàsì, ẹ má wulẹ̀ tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ ńlá kan sẹ́yìn, kí gbogbo ìwọ̀nyí kàn máa jẹ́ fèrèsé tí a ń gbà wò ó."

Ó wá ṣàlàyé sọ́fítíwíà kan tí ń jẹ́ VCL fún wa. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina, ní ìlú Raleigh ní Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2004, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa lo kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ láti ibikíbi tí wọ́n bá wà. Ní ọdún 2008 wọ́n fi lé àjọ Apache lọ́wọ́, àwọn tí ń fi sọ́fítíwíà sílẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ̀rọ ńlá náà, tí wọ́n ń pè ní sáfà, yóò pín agbára ara rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà kéékèèké púpọ̀ tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣí ojú-ewé kan, yóò mú irú kọ̀ǹpútà tí ó fẹ́, yóò sì sọ iye wákàtí tí yóò fi lò ó. Sáfà yóò ṣe tuntun fún un láti ara èyí tí a ti tọ́jú pamọ́. Bí àkókò bá pé, yóò pa á rẹ́, yóò sì ṣe òmíràn ní mímọ́ tónítóní fún ẹni tí ó kàn.

Ibẹ̀ ni a ti pa ẹ̀rín. A ní, "Wàláà mà ni o!" Ẹ̀yin tí ẹ kéwú láyé àtijọ́ kò ní gbàgbé. Áfáà yóò fi tàdáwà kọ ọ́ sí wàláà, ọmọ yóò kà á títí yóò fi mọ́ ọn lórí, a ó sì fi omi fọ̀ ọ́ láti kọ òmíràn. Ọmọ kan kì í ba wàláà jẹ́, nítorí pé omi wà. Ọmọbìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, àfi pé ohun tí ọmọ bá fẹ́ tọ́jú, kí ó yáa gbé e síbòmíràn kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ó tún kìlọ̀ fún wa pé yunifásítì ni wọ́n ṣe nǹkan yìí fún, pé ó tóbi ju ilé-kéwú lọ. A kò gbọ́.

A lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, a ra àlòkù sáfà kan tí mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 64. Ariwo rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ìyá àwọn ọmọ wa ní a kò gbọdọ̀ gbé e wọ ilé. Àwọn àgbà kan ní mọ́sálásí sì ní òrùlé tí ń jò ni ìbá kọ́kọ́ gba owó náà. A kò lè sọ pé wọ́n purọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà rọrùn. A fi MariaDB sí i, èyí tí í ṣe ilé àkọsílẹ̀: ta ni ó ń lo ẹ̀rọ, èwo ni ó ṣófo, títí di ìgbà wo. A fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà, a da àwọn tábìlì tí ó bá sọ́fítíwíà náà wá sínú rẹ̀. Ojú-ewé tí àwọn ọmọ yóò máa rí tẹ̀ lé e, òun náà kò yọ wá lẹ́nu. Ohun tí ó kù ni èyí tí ojú ẹnikẹ́ni kì í tó, tí ń jẹ́ vcld. Òun ni òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn ilé tí kì í sùn. Léraléra ni ó ń wo inú àkọsílẹ̀ bóyá ẹnìkan ti béèrè kọ̀ǹpútà. Òun ni yóò ní kí wọ́n gbé e dìde, òun ni yóò ṣílẹ̀kùn fún akẹ́kọ̀ọ́, òun náà ni yóò pa á rẹ́. Èdè Perl ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ní ọ̀pọ̀ ohun èlò tí a ní láti gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, dátà tán lẹ́ẹ̀kan, a ṣáà gbà wọ́n tán.

Ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, a jókòó ti fáìlì kan tí ń jẹ́ vcld.conf. Ibẹ̀ ni a ti ń sọ fún vcld pé báyìí ni orúkọ ẹ̀rọ tí ó wà lórí rẹ̀, ibí ni àkọsílẹ̀ wà, èyí sì ni ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ọmọbìnrin náà fẹ́ kọ ọ́. A ní kí ó fi sílẹ̀ fún wa. A kọ orúkọ tí a jọ fún ẹ̀rọ náà: madrasah. Òun ń fi orúkọ ẹ̀rọ kan náà sílẹ̀ lórí ojú-ewé lọ́hùn-ún. A pe vcld. Ó jí, ó sì kú. A tún pè é, ó tún kú.

A ní ọ̀rọ̀ aṣínà ni. A tú àkọsílẹ̀ palẹ̀, a tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Pàbó ni. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè ọmọ náà rọra sọ pé, "Ùsítáàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo fáìlì tí ẹ kọ." Inú ti ń bí wa. A ní, "Ṣé ìwọ ni yóò wá kọ́ wa ní ìwé kíkọ? Bí ó bá jẹ́ pé o mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ lọ kọ́ ni, ṣé a ó ṣì wà níbí?" Àwọn ọmọ kéwú mẹ́fà wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ùsítáàsì." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ní alẹ́ Mọ́ńdè, àwa nìkan ni a jókòó. A wá ṣe ohun tí ó yẹ kí a ti ṣe ní Sátidé: a ka ohun tí vcld ń kọ sílẹ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀, láti ìlà kìíní. Ó ń wá ẹ̀rọ tí ń jẹ́ madrasah, kò rí i. A ṣí ojú-ewé, a wo orúkọ tí ọmọ náà kọ síbẹ̀. Madrasa ni. Kò sí h nídìí rẹ̀. Vcld ń wá orúkọ ara rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, kò bá a níbẹ̀, ó sì ń kú.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Lárúbáwá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Tá marbúta ni ó parí ọ̀rọ̀ yẹn. Bí a bá dúró lé e, h ni à ń gbọ́. Bí a bá so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ iwájú, ó di t. Nígbà tí a bá fi ábídí kọ ọ́, àwọn kan a fi h sí i, àwọn kan kì í fi sí i. Àwa fúnra wa ni a kọ́ ọmọ náà pé kò sí èyí tí kò dára nínú méjèèjì. Ó tún ku ibìkan: pátákó ẹnu ọ̀nà wa, tí a fi ọwọ́ ara wa kọ, kò ní h. Ohun tí ó ti ń kà láti kékeré ni ó kọ.

A yọ h tiwa kúrò. A pe vcld. Kò kú mọ́. Kò pẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀, ìlà tẹ̀ lé ìlà, pé òun ti wá fara hàn. Ó ti tó aago mọ́kànlá òru. Inú wa kò dùn tó bí a ti rò.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà a lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rò pé ẹjọ́ ni a wá fi sùn. A ní kí ó pè é, a sì sọ níwájú bàbá rẹ̀ pé àwa ni a jẹ̀bi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ dákun, Ùsítáàsì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Ṣùgbọ́n níwájú àwọn ọmọ mẹ́fà ni a ti dójú tì í, níwájú wọn náà ni ó yẹ kí a ti sọ ọ́. Kí a tó kó wọn jọ, ìsinmi ti parí, ó ti padà sí yunifásítì. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ síbí, kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè kà á.

Orí fóònù ni ó ti tọ́ wa sọ́nà parí ìyókù. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ni sáfà náà ń gbé dìde pọ̀. Nígbà tí a dán 12 wò, ṣe ni gbogbo rẹ̀ ń wọ́. Nítorí náà àwọn ọmọ ń gbà á ní ọwọ́ ní ọwọ́. Ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ tún fẹ́ jókòó ìdánwò náà, orí ẹ̀rọ kẹta ni ó sì máa ń wà ní gbogbo Sátidé, tí ó ń fi máòsì ṣeré bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ọmọbìnrin náà pè wá, ó ní òun fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ láti fi sáfà kejì kún un. Kí a tó dáhùn, ó ní, "Ùsítáàsì, èyí wo ni kí a sọ ọ́ o?" A ní kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, kí ó sì kọ ọ́ sí ibi méjèèjì.