Lẹ́yìn Tí Ẹ̀jẹ̀ Bá Ti Dà

Òfin ọ̀daràn gúúsù Nàìjíríà ní kí ẹni tó bá ṣẹ́yún fún obìnrin lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 14, kí obìnrin tó ṣẹ́ ẹ fúnra rẹ̀ lọ ọdún 7, kí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pèsè oògùn tàbí irinṣẹ́ lọ ọdún 3. Kò sí ọ̀kankan nínú ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dárúkọ ẹni tó fún un lóyún.

Ẹ̀ka 297 òfin yìí kan náà gba dókítà láàyè láti ṣiṣẹ́ abẹ bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu. Ewu tí obìnrin náà máa bá pàdé lọ́wọ́ aláìmọṣẹ́ bí wọ́n bá dá a padà kò sí nínú ìwé.

Ọmọbìnrin tó bá wọ ilé ìwòsàn ìjọba, tó ní òun kò fẹ́ oyún inú òun, ìmọ̀ràn ni wọ́n máa gbà á, kó máa lọ. Bó bá padà wá lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti ibà, bẹ́ẹ̀dì wà fún un. Irinṣẹ́ tí wọ́n á fi fọ ilé ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá.

Ní 2006, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn, fọwọ́ sí oògùn misoprostol kí ẹ̀jẹ̀ má bàa pa abiyamọ lẹ́yìn ìbímọ. Oògùn kan náà ló ń ṣẹ́yún. Ní kẹ́mísìtì kan nítòsí ọjà Òkè-Àjé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọdébìnrin kan dúró títí àwọn tó ń ra Panadol fi lọ tán. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ọlọ́jà dárúkọ iye owó, ó ya etí ìwé ìròyìn, ó ká hóró díẹ̀ sí i. Kò kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìyá kan tó ń wọlé bọ̀ béèrè ohun tó ń ṣe ọmọ yẹn.

“Inú rírun ni, mà.”

Ọmọ olówó á wọ ilé ìwòsàn aládàáni láàárọ̀, á délé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ìrẹ́jẹ ni.

Ìjẹ̀bú-Òde yìí náà ni wọ́n bí Olikoye Ransome-Kuti sí ní 1927, nígbà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé Gírámà ìlú náà. Dókítà àwọn ọmọdé ni. Nígbà tó ṣe mínísítà ètò ìlera, láàárín 1985 sí 1992, ó ní kí wọ́n tún òfin oyún ṣíṣẹ́ wò. Ìjọba ológun tó ń fi dẹ̀kírì yí òfin padà kò fọwọ́ kan èyí.

Lára òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1861 ni wọ́n ti fa tiwa yọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún tiwọn ṣe ní 1967. Nọ́ọ̀sì tó bá kúrò ní Ìjẹ̀bú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lè máa bá wọn ṣe iṣẹ́ oyún ṣíṣẹ́ lọ́sàn-án gangan, kí ìjọba máa san owó oṣù rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà 2022, ìjọba Èkó gbé ìlànà jáde kí àwọn dókítà lè mọ ìgbà tí òfin gbà wọ́n láàyè láti ṣẹ́yún. Oṣù keje ni wọ́n dá a dúró. Òfin wà níbẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni wọ́n gbà kúrò.

Kí obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí. Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, tó wá fúnra rẹ̀ béèrè nǹkan kan náà kó tó lóyún rárá, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.