Ọ̀nà Gashaka: Níbi tí awakọ̀ ti ń bọ́ bàtà kó tó ki ọkọ̀ sí jíà

Ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Bali bọ̀ ní ìpínlẹ̀ Taraba gba Serti kọjá lọ sí òkè Mambilla, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ sí Gashaka gbọ́dọ̀ yà kúrò lórí rẹ̀ wọ inú igbó. Láti ibẹ̀ lọ, ipa táyà ni wọ́n ń pè ní ọ̀nà: kòtò, àpáta, gbòǹgbò igi, àti omi. Inú Gashaka-Gumti nìyẹn, ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991. Níhà ibẹ̀ náà ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga ju gbogbo òkè ilẹ̀ yìí lọ, 2,419 mítà.

Ọkọ̀ kékeré kò gbọdọ̀ dán an wò. Jíìpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni.

Odò gan-an ni iṣẹ́ wà. Awakọ̀ tó gbọ́n kì í fi ọkọ̀ wádìí ìjìnlẹ̀ omi. Yóò bọ́ bàtà, yóò ká ṣòkòtò sókè, yóò fi ọ̀pá wá ibi tí òkúta wà àti ibi tí yanrìn ti rọ̀. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò ki ọkọ̀ sí jíà kìn-ín-ní, yóò máa rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò ní í pààrọ̀ jíà láàárín omi, kò sì ní í dúró. Bí omi bá gba ojú ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wọlé, ó parí nìyẹn. Bó bá gòkè odò tán, yóò rọra máa tẹ búrékì kó lè gbẹ, nítorí búrékì tó mu omi kì í gbọ́ràn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ gba ilẹ̀ náà mọ́ Kamẹrúùnù wọn. Àwókù odi wọn ṣì wà lórí òkè tó kọjú sí abúlé Gashaka. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ìbò 1961 sì gbé e wọ Nàìjíríà. Ìjọba mẹ́ta, ẹrẹ̀ kan náà!

Bí òjò bá dé, odò a kún, jíìpù a dúró. Ọ̀kadà àti ẹsẹ̀ ló kù fún àwọn ará abúlé, aboyún tó ń rọbí kò sì lè ní kí omi kọ́kọ́ fà ná. Síbẹ̀, ọ̀nà burúkú yìí kan náà wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ agégẹdú ráyè wọ ibi tí àwọn ìnàkí ṣì pọ̀ sí jù lọ ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń pariwo pé kí wọ́n da ọ̀dà síbẹ̀ kò ro ti igbó. Ẹni tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà kò tíì bá aláìsàn dúró létí odò rí. Afárá tóóró ni ibẹ̀ ń fẹ́, èyí tí ọ̀kadà kan àti àwọn tó gbé aláìsàn yóò lè gbà kọjá lójò, tí ọkọ̀ agégẹdú kò sì ní lè gbà.