Ẹni tí a pè lẹ́jọ́ náà ní ẹnu

Àwọn tí ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún 1988, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ wa fẹ́ kọ́ iṣẹ́ òfin. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé bí mo bá máa kọ ọ́, n ó kọ ibi tí ó dùn àti ibi tí ó korò.

Agbẹjọ́rò ni mí, àwọn tí àwọn ènìyàn ń pè ní Maître. Kì í ṣe ẹjọ́ olè tàbí ti apànìyàn ni mo ń rò. Ẹjọ́ tèmi ni èyí tí aráàlú kan pe aráàlú kejì: ọkọ̀ kọ lu ènìyàn, ògiri wó lu ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò, ẹnìkan ní iṣẹ́ tí òun gbé fún oníṣẹ́ bàjẹ́. Kò sí ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Ohun tí ó bàjẹ́ ni a ń wò, àti ẹni tí yóò san án. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n pè ni mo máa ń wà. Ẹni tí ń béèrè ní agbẹjọ́rò tirẹ̀. Èmi ni mo ń dáhùn.

Ìyá mi, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, kò fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní: "Ọmọ mi, bí ẹnìkan bá ní wọ́n ṣẹ òun, ìwọ ni o máa dìde láti sọ pé wọn kò ṣẹ̀ ẹ́?" Mo ní: "Ìyá, ẹni tí ó ní wọ́n ṣẹ òun lè ṣe àṣìṣe." Ó ní: "Ó sì lè jẹ́ òótọ́ ni ó ń sọ." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi títí di òní.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ náà kò ní ìdí. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nílé wa ní Kétu, bí ẹnìkan bá fi ẹjọ́ sùn lálẹ́, bàbá mi kì í sọ ohunkóhun títí wọn yóò fi pe ẹnìkejì wá ní òwúrọ̀. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Faransé, Code civil ti ọdún 1804, ń rìn ní ọ̀nà kan náà. Abala 1382 ní kí ẹni tí ó fi àṣìṣe rẹ̀ pa ẹlòmíràn lára tún un ṣe. Abala 1315 ní kí ẹni tí ó bá ń béèrè mú ẹ̀rí wá. Àárín abala méjèèjì yìí ni mo ti ń jẹun.

Ọ̀kan nínú ẹjọ́ mi àkọ́kọ́ ni ti gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Àjàṣẹ́. Òrùlé tí ó kàn wó lulẹ̀, onílé sì pè é lẹ́jọ́. Gbogbo àdúgbò ti dá a lẹ́bi kí a tó dé ilé ẹjọ́. Òun ń wí pé onílé ni ó ra igi fúnra rẹ̀, pé òun kìlọ̀ fún un pé kòkòrò ti wọ igi náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? A wá ẹni tí ó ta igi náà rí, ìwé ọjà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ onílé ni ó wà níbẹ̀. Ọkùnrin méjì tí ó bá a gun òrùlé jẹ́rìí ìkìlọ̀ náà. Adájọ́ dá a láre. Níta ilé ẹjọ́, ọkùnrin àgbà yìí jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún. Kì í ṣe owó nìkan ni ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ẹni tí a pè lẹ́jọ́ náà ní ẹnu, ó sì yẹ kí ẹnìkan bá a la ẹnu náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé ariwo ni a ń pa níwájú adájọ́, ìwé ni iṣẹ́ wa. Huissier yóò mú ìwé ìpè wá fún oníbàárà mi. N ó béèrè gbogbo ohun tí ó ní lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá èyí tí ó fẹ́ fi pa mọ́. N ó lọ wo ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n ó kọ ìdáhùn, n ó sì fi hàn agbẹjọ́rò kejì pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rí mi kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, nítorí pé a kì í lúgọ de ara wa. Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń wí pé: "Dáhùn, má purọ́." Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ènìyàn má purọ́ rárá kí ó sì ṣe ibi. Ìyẹn ni ibi tí ó korò.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, kámíọ̀n tí ó kó àgbàdo láti Kétu kọ lu zémíjàn kan lójú ọ̀nà. Ẹni tí zémíjàn gbé kú lójú ẹsẹ̀. Ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin sílẹ̀. Ẹjọ́ awakọ̀ parí níbi tirẹ̀. Ẹjọ́ owó ni ó kù. Oníbàárà mi ni ilé asíránsì tí ó ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ lọ́dọọdún kí ó lè sanwó bí jàm̀bá bá ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 1995 yẹn gan-an, láti oṣù kejì, òfin asíránsì tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ wa. Code CIMA ni a ń pè é, Yaoundé ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1992. Ó ní kí asíránsì sọ iye tí yóò san fún ẹni tí ó farapa láàárín oṣù 12 lẹ́yìn jàm̀bá, àti fún ará ilé òkú láàárín oṣù 8 lẹ́yìn ikú. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, èlé yóò máa gun orí owó náà. Oṣù 8 kọjá, oníbàárà mi kò sọ nǹkan kan. Obìnrin náà gba agbẹjọ́rò, ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Àjàṣẹ́. Lónìí ilé ẹjọ́ wà ní Pobè. Nígbà náà, Àjàṣẹ́ ni a ń lọ.

Wọ́n gbé ìwé rẹ̀ fún mi, wọ́n ní: "Kò ní ìwé." Òótọ́ ni. Ìdána ni wọ́n fi fẹ́ ẹ, àlùfáà sì súre fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Nínú ọmọ mẹ́rin, ẹyọ kan ni ó ní ìwé ìbí. Mo bá kọ ọ́ pé: kí ni ó fi hàn pé ìyàwó ni? Kí ni ó fi hàn pé ọmọ òkú ni àwọn wọ̀nyí? Kò sí irọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú nítorí ohun tí mo kọ. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni obìnrin náà wọkọ̀ láti Kétu ní ìdájí, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n sì ní kí ó padà sílé.

Mo lọ sílé fún ìsinmi Gbogbo Ẹni Mímọ́ ní ọdún 1996. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ ìrántí àwọn òkú, mo lọ sí Mísà. Nígbà tí àlùfáà ní kí a fún ara wa ní àlàáfíà, mo yíjú sẹ́yìn. Òun ni ó dúró níbẹ̀. Ó mọ̀ mí dáadáa. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní: "Àlàáfíà Kristi, Maître."

Kí ni kí n wí? Òfin iṣẹ́ wa kò gbà kí n bá a sọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà láìsí agbẹjọ́rò rẹ̀. Àṣírí oníbàárà mi kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi. Mo ní: "Àlàáfíà." Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi, ìwé mìíràn tí mo ti kọ láti fi sún ẹjọ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀kẹrin sì wà nínú àpò mi nílé, tí n ó gbé kalẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

N kò sùn lóru náà. Bí mo bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹlòmíràn yóò gbà á, yóò sì ṣe ohun tí mo ń ṣe. Bí mo bá sọ àṣírí, ọ̀dàlẹ̀ ni mí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù: kí n sọ òótọ́ fún ẹni tí ó gbà mí síṣẹ́. Ní ọjọ́ Ajé mo lọ bá wọn ní Kùtọ̀nú. N kò sọ ọ̀rọ̀ Mísà. Ìṣirò ni mo gbé síwájú wọn. Mo ní èlé ń gun orí owó náà lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ lè gba ìdájọ́ tí yóò dúró fún ìwé ìbí. Gbogbo àdúgbò ni yóò jẹ́rìí sí ìgbéyàwó náà. A ó pàdánù, a ó sì san ju èyí tí à bá san lónìí lọ. Ọ̀gá wọn bínú, ó ní: "Ta ni o ń ṣiṣẹ́ fún gan-an?" Mo ní: "Ẹ̀yin ni."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kí n bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ gba ìwé wọn, a fohùn ṣọ̀kan lórí iye owó, adájọ́ sì fọwọ́ sí i. Fún ọdún méjì lẹ́yìn náà, ilé asíránsì yẹn kò gbé ẹjọ́ kankan fún mi. Ilé mi mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn ọ̀dọ́ bi mí bóyá mo ń ṣe bíi Sẹ́ntì Yves, alágbàwí àwọn agbẹjọ́rò, tí ó kú ní ọdún 1303, tí a ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún. Rárá o. Òun gbèjà tálákà. Èmi, púpọ̀ nínú àwọn tí mo gbèjà lówó lọ́wọ́. N kò sì mọ ohun tí ǹ bá ṣe bí ìṣirò kò bá gbè mí lẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Ìrìn àjò mẹ́ta tí obìnrin náà rìn lásán, n kò lè dá a padà fún un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gbé ìwé ẹjọ́ fún mi, ìbéèrè ìyá mi ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀: bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni ẹni yìí ń sọ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, n ó ní kí oníbàárà mi sanwó kíákíá. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, n ó jà títí dé òpin.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gba ìmọ̀ràn díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti fi àìní ìwé já ènìyàn kulẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní kété tí ẹ bá bí wọn. Ẹ lọ sí mairie: láti ìgbà òfin ìdílé ti ọdún 2004, ìgbéyàwó tí a bá ṣe níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni òfin mọ̀, ìbùkún ṣọ́ọ̀ṣì kò sì gba ipò rẹ̀. Bí huissier bá sì mú ìwé wá, ẹ má ṣe fi í sábẹ́ ẹní. Wọ́n ti ń ka ọjọ́.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, èmi àti obìnrin náà kò di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ sí Kétu tí a pàdé lẹ́yìn Mísà, ó máa ń kí mi, èmi náà á kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n tó dáhùn. Àwọn tí kò mọ ìtàn wa máa ń rò pé ẹ̀gbọ́n mi ni.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tí ó ń gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì. Àmín.